Ògiri Tó Wà Lẹ́yìn Ẹní

Ìgbà kẹta tí Àwẹ̀ró dìde pé òun ń lọ nìyí, ó sì mọ̀ pé ìgbà kẹta ni ọ̀rọ̀ máa ń jáde.

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ àwọn alátùn-únkí rí ní ìlú Ayédẹ̀rọ̀. Ẹ̀rọ á ti kí ọ láàárọ̀, ìwọ náà á sì ti dá a lóhùn. Alátùn-únkí ni èèyàn ẹlẹ́ran ara tó máa tún wá kí ọ lọ́sàn-án, tó máa jókòó, tó máa mu omi, tó máa bèèrè ọmọ kọ̀ọ̀kan lórúkọ, tó máa wá ní òun fẹ́ máa lọ. Bó bá dìde lẹ́ẹ̀kíní, onílé á ní kó jókòó, kí ló ń lé e. Bó bá dìde lẹ́ẹ̀kejì, onílé á sìn ín dé àárín pálọ̀. Ìgbà tó bá dìde lẹ́ẹ̀kẹta, tí ọwọ́ rẹ̀ ti kan ilẹ̀kùn, ni onílé á tó sọ pé, ẹ jọ̀ọ́, ó ku ohun kékeré kan. Inú ohun kékeré yẹn ni òrùlé tó ń jò máa ń wà, àti ọmọ tí kò jẹun láti ọjọ́ mẹ́ta, àti ẹsẹ̀ tó wú. Ọdún mẹ́fà ni Àwẹ̀ró ti fi ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò sì tíì rí ẹni tó sọ òótọ́ lórí ìjókòó.

Ilé Ìyá Adéṣínà ló wà lọ́sàn-án yìí, ilé tó gbẹ̀yìn ní Ìta Aláró, tó fẹ̀yìn ti odi omi tó ń dá ọ̀sà dúró. Lókè lọ́hùn-ún, lórí òpó gíga, àsíá ìlú ti di aró dúdú láti òwúrọ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé òjò ńlá máa dé lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Gbogbo àwọn ará Ìsàlẹ̀, apá ìlú tó wà létí odi, ló ń so okùn láti òpó ilé kan sí òpó ilé kejì, kí ẹni tí omi bá lé jáde lè rí nǹkan dì mú. Fátúnmbí, ọ̀gá ilé-iṣẹ́, ti kìlọ̀ fún gbogbo alátùn-únkí pé agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ ọ̀la ni àkọsílẹ̀ máa pa dé. Ohun tí àkọsílẹ̀ bá wí ni àwọn afami, ìyẹn ẹ̀rọ ńláńlá tó ń fa omi dà sí ọ̀sà, máa tẹ̀ lé. Ibi tí àkọsílẹ̀ bá ní kò séwu, ẹnikẹ́ni ò ní yọjú síbẹ̀.

Ìyá Adéṣínà kọ́ ló bí Àwẹ̀ró. Omi ńlá tó wá lọ́dún tí Àwẹ̀ró pé ọmọ ọdún méje ló gbé bàbá àti ìyá rẹ̀ lọ. Okùn tó wà lára òpó ilé Ìyá Adéṣínà ni ọmọ náà rí dì mú, ó sì dì í mú títí omi fi fà. Nígbà tí wọ́n tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára okùn, Ìyá ní ẹni tó bá di okùn òun mú, ọmọ òun ni. Ìgbàtọ́ parí síbẹ̀, wọn ò kọ̀wé, wọn ò pe ìpàdé. Ó ti di ọgbọ̀n ọdún ó lé márùn-ún báyìí. Ìyá ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, Adéṣínà tó bí gan-an ti lọ ń gbé lókè, Àwẹ̀ró ló sì ń wá kí i lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, yálà iṣẹ́ rán an tàbí iṣẹ́ ò rán an.

Ẹ̀rọ tó ń kí wọn láàárọ̀ wà lára ògiri pálọ̀. Akíni lorúkọ rẹ̀, kò tóbi ju àwo ọbẹ̀ lọ. Ìyá ti hun fìlà pupa kan fún un, ó ní ohun tó ń kí èèyàn láràárọ̀, kò yẹ kí orí rẹ̀ wà ní ìhòòhò. Tó bá ti di agogo méje, Akíni á ní, "Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé dáadáa lẹ jí? Ilé ńkọ́? Ògiri ńkọ́? Ara ńkọ́?" Ìyá á sì da gbogbo ìdáhùn pọ̀ láì mí, "A dúpẹ́, a dúpẹ́, a dúpẹ́." Akíni á kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò séwu, etí rẹ̀ á sì dí títí di ọjọ́ kejì, nítorí òfin kò jẹ́ kó gbọ́ ohun mìíràn lẹ́yìn ìdáhùn kíkí.

Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yìí kì í ṣe òmùgọ̀. Wọn ò kàn ronú rẹ̀ pé ọmọ Yorùbá làwọn ń bi léèrè ni. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni àkọsílẹ̀ fi sọ pé ní gbogbo Ayédẹ̀rọ̀, Ìta Aláró ni ara àwọn èèyàn ti le jù, tí ògiri sì ti dára jù. Àlejò ń ti ìlú òkèèrè wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, àwọn ará àdúgbò á sì gbé àga fún wọn lábẹ́ òrùlé tó ti fẹ́ wó. Lọ́dún kẹwàá, òrùlé mẹ́ta já wálẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Baálé ilé kan ṣì wà lábẹ́ ọ̀kan nínú wọn nígbà tí Akíni kí i, ó ní a dúpẹ́. Oṣù yẹn ni ìlú dá ẹgbẹ́ alátùn-únkí sílẹ̀.

Òfin ẹgbẹ́ náà kò ju ẹyọ kan lọ. Alátùn-únkí ní wàláà kan lọ́wọ́, pátákó pẹlẹbẹ tó ń dán bíi gíláàsì, ibẹ̀ ló ń kọ ohun tó bá gbọ́ sí. Àtàǹpàkò onílé ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ kó tó dé etí ìlú. Bí onílé ò bá tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ náà kò sí, alátùn-únkí ò sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti gbà á lọ́nà mìíràn rí. Nígbà tí ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń kọ ohun gbogbo tí wọ́n bá gbọ́ láì tọrọ àyè, kò sì pé oṣù méjì tí gbogbo Ìsàlẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í tilẹ̀kùn mọ́ wọn. Wọ́n ní ìlú rán olófòófó sí àwọn.

Ọwọ́ Àwẹ̀ró ti kan ilẹ̀kùn. Ó dúró díẹ̀, ó ń tún gèlè ṣe.

"Àwẹ̀ró ọkọ mi," ni Ìyá sọ lẹ́yìn rẹ̀, "ó ku ohun kékeré kan."

Ìyá mú un lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Ẹní kan wà lára ògiri níbẹ̀ tí wọ́n fi ìṣó kọ́, ẹní tó dára, tí Àwẹ̀ró ti rí láti oṣù mélòó kan tó rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Ìyá ká a sókè. Ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti rin láti ìsàlẹ̀ dé ìbàdí èèyàn. Ìlà kan tó fẹ̀ tó ìka là á láàárín, àkísà ni Ìyá kì bọ̀ ọ́, omi sì ń sun lábẹ́ àkísà náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sínú abọ́ ńlá kan. Àwẹ̀ró tọ́ omi náà wò. Iyọ̀ wà nínú rẹ̀, omi ọ̀sà ni.

"Láti ìgbà wo, Ìyá?"

"Oṣù Ẹrẹ́nà."

Oṣù Òkúdu ni wọ́n wà. Àwẹ̀ró jókòó sórí ilẹ̀. Ká ní oṣù Ẹrẹ́nà ni Ìyá ti sọ ọ́ ni, nígbà tí ilẹ̀ ṣì gbẹ, iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Àwọn bíríkìlà á wá, wọ́n á fi sìmẹ́ńtì dí i, wọ́n á jẹun, wọ́n á lọ. Sìmẹ́ńtì kò lè mú láàárín ọjọ́ méjì lára ògiri tó ń sun. Pẹ̀lú àsíá dúdú lókè, ohun kan ṣoṣo ni òfin ní: ilé tí odi bá ń jò sínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ di ti omi. Wọ́n á kó onílé jáde, wọ́n á to òkúta ńláńlá sí iwájú ilé náà kó di odi tuntun, wọ́n á sì lu ihò sára odi àtijọ́ láti inú yàrá. Ilé náà á wá di ilé ìgbomi, á máa gba omi tó bá pọ̀ jù sínú, kí ipá omi má bàa ṣẹ́ odi ọ̀hún lójijì sórí àdúgbò. Bí wọn ò bá sì ṣe bẹ́ẹ̀, odi á ṣẹ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe wù ú, ilé méjìléláàádọ́ta tó kù ní Ìta Aláró á sì bá a lọ.

Ìyá mọ gbogbo èyí, kò sí ẹni tó ń gbé Ìsàlẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n. Àwẹ̀ró náà sì mọ ìdí tí Ìyá ò fi sọ ọ́, nítorí ó jókòó lé e lórí. Táìlì funfun mẹ́rin wà láàárín yàrá náà tí kò jọ èyí tó kù. Abẹ́ wọn ni Bàbá Adéṣínà wà láti ọdún mọ́kànlá.

Láwuyì lorúkọ rẹ̀, bíríkìlà ni. Òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló mọ odi tó wà lẹ́yìn Ìta Aláró láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Láyé rẹ̀, kò sí àlejò tí kì í mú lọ sẹ́yìn ilé láti lọ wo odi. Á fi ọwọ́ gbá a pẹ́pẹ́, á ní ògiri tí kò bá lanu, kò sí bí aláǹgbá ṣe fẹ́ wọ ibẹ̀, á wá fi kún un pé bí èyí bá jò, kí ẹnikẹ́ni má pe òun ní Láwuyì mọ́. Àwẹ̀ró ti gbọ́ ọ tó ìgbà ọgọ́rùn-ún. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà gan-an. Òun ló kọ́ ọ láti fi etí ti ògiri, kó máa fetí sí omi ní òdìkejì.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún Akíni, Ìyá mi?"

Ìyá wo táìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. "Ó kí mi káàárọ̀," ló sọ. "Ṣé ẹni tó kí mi káàárọ̀ ni kí n bẹ̀rẹ̀ sí í ka àléébù ọkọ mi fún?"

Ó wá bẹ Àwẹ̀ró. Ìyá kì í bẹ èèyàn, ìdí nìyẹn tí ó fi dun Àwẹ̀ró tó bẹ́ẹ̀. Ó ní kó kọ ọ́ sínú wàláà pé a dúpẹ́, bí òun ṣe máa ń wí. Ó ní òjò yìí á rọ̀, á dá, odi ti rí òjò tó ju èyí lọ. Tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, òun fúnra òun á sọ ọ́, wọ́n á dí i, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n òun ò ní jókòó sókè lọ́hùn-ún kí ẹja máa wẹ̀ lórí ọkọ òun.

Àwẹ̀ró ní òun fẹ́ gba atẹ́gùn díẹ̀, ó bọ́ síta.

Níta, Sùnmọ́nù tó ń gbé ilé kejì ń so okùn mọ́ òpó. Ìyàwó rẹ̀ bímọ lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọmọ náà sì wà lẹ́yìn bàbá rẹ̀, ó sùn fọnfọn. Àwẹ̀ró kí i kú ewu ọmọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Sùnmọ́nù dúpẹ́, ó fi àgbọ̀n júwe odi tó wà lẹ́yìn ilé Ìyá, ó ní ṣé kò séwu lẹ́yìn lọ́hùn-ún.

"A dúpẹ́," ni Àwẹ̀ró wí.

Ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́ kí ọkàn rẹ̀ tó dé ibẹ̀. Sùnmọ́nù mi orí, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó tún kọjú sí okùn rẹ̀. Àwẹ̀ró dúró níbẹ̀, ó ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ náà tó yọ lábẹ́ ọ̀já. Kò tíì rin ilẹ̀ rí. Bó bá sọ òótọ́ fún Sùnmọ́nù báyìí, ó ti rú òfin, ó ti tú àṣírí ẹni tó tọ́ ọ, kò sì ní sí ilẹ̀kùn kan ní Ìsàlẹ̀ tó máa ṣí fún alátùn-únkí mọ́. Irọ́ á tún gba àdúgbò bíi ti àtẹ̀yìnwá, àwọn tí òrùlé máa wó lù lọ́dún tó ń bọ̀, òun ló pa wọ́n. Bí kò bá sì sọ ọ́, ọmọ yìí ni.

Nígbà tó padà wọlé, Ìyá ti sùn lọ lórí àga. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ là sílẹ̀ lórí apá àga, àtàǹpàkò sì kọjú sókè.

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó mú wàláà jáde, ó kọ ọ́: odi ń jò, yàrá ẹ̀yìn, láti oṣù Ẹrẹ́nà. Ohun tó kù kò ju kí àtàǹpàkò kan wálẹ̀ lọ. Ó mú àtàǹpàkò náà. Aró tí Ìyá fi ogójì ọdún rẹ ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀, kò lè ṣí láéláé. Àtàǹpàkò yìí ló ń nu ojú rẹ̀ nígbà tó ń sunkún ìyá rẹ̀, ó máa ń fi òórùn aró sílẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó gbé e sún mọ́ wàláà títí ó fi ku bí irun orí kan. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó mú un dúró síbẹ̀ díẹ̀, ó sì rọra dá a padà sórí apá àga, bó ṣe bá a.

"Kí ló dé tí o ò tẹ̀ ẹ́?" Ìyá ò la ojú.

Àwẹ̀ró bú sẹ́kún. "Àtàǹpàkò yín ni, Ìyá mi. Kì í ṣe tèmi."

Ìyá wá la ojú. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó fi etí gèlè nù ún lójú. Lẹ́yìn náà ló bi í, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i lójú ọ̀nà, pé, "Ìwọ ńkọ́? Ṣé àlàáfíà lo wà?"

"A dúpẹ́, Ìyá mi."

"Etí òsì rẹ ńkọ́?"

Àwẹ̀ró fọwọ́ kan etí náà. Láti ìgbà òjò tó kọjá ni etí òsì rẹ̀ ti ń kú díẹ̀díẹ̀. Kò sọ fún ọ̀gá, kò sọ fún ọ̀rẹ́, gbogbo ìgbà tí Akíni ilé tirẹ̀ bá bèèrè ara, ó ń dúpẹ́ fún un. Alátùn-únkí tí kò gbọ́ràn dáadáa, wọ́n á gba wàláà rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á fi í sí ilé ìkẹ́rùsí lókè kó máa ká bùláńkẹ́ẹ̀tì. Kò sì sí ohun tó fẹ́ràn láyé tó bí ó ṣe fẹ́ràn kó jókòó sí pálọ̀ èèyàn, kó máa gbọ́ wọn. Ó bi Ìyá léèrè pé ta ló sọ fún un.

"Ta ni ì bá sọ fún mi?" ni Ìyá wí. "Láti ọdún tó kọjá, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ ni mò ń jókòó sí. O ò kíyè sí i?"

Kò kíyè sí i. Òun tí ìlú ń sanwó fún kó máa kíyè sí èèyàn. Ojú tì í, inú rẹ̀ sì dùn lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì rí àga Ìyá ní tòótọ́ pé kò sí níbi tó máa ń wà tẹ́lẹ̀. Ìyá ti gbé e kúrò lẹ́bàá fèrèsé tó fẹ́ràn, ó ti gbé e wá sí kọ̀rọ̀ tó móoru, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ á ti bọ́ sí etí tó dára.

"Ẹ mọ̀, ẹ ò sì sọ nǹkan kan."

"Ọ̀rọ̀ ara rẹ ni. O ò tíì dìde lẹ́ẹ̀kẹta," ni Ìyá wí.

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín láàárín ẹkún. Wọn ò tún sọ̀rọ̀ odi mọ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n jẹ àsáró, Àwẹ̀ró da omi inú abọ́ nù lẹ́ẹ̀mejì, ó sì sùn síbẹ̀.

Agogo méje òwúrọ̀ lu, iná kékeré tàn lábẹ́ fìlà pupa.

"Ẹ káàárọ̀ o," ni Akíni wí. "Ṣé dáadáa lẹ jí?"

Ìyá ti ya ẹnu, ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró bọ́ síwájú rẹ̀. Kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ sí i rí láyé rẹ̀, kó gba ọ̀rọ̀ mọ́ àgbà lẹ́nu. Ó kúnlẹ̀ fún un kó tó sọ ọ́, kí Ìyá má bàa rò pé orí òun ti dàrú.

"Èmi Àwẹ̀ró ni, àlejò ni mí nínú ilé yìí," ló wí. "Etí òsì mi kò gbọ́ràn mọ́. Ó ti pé ọdún kan. Irọ́ ni mo ti ń pa fún ọ."

Iná náà ṣẹ́jú, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ṣì ń dúró de ìdáhùn onílé. Kò pẹ́ tí wàláà tó wà lórí tábìlì fi kú. Òfin ìlú kì í dúró di ọ̀la. Àwẹ̀ró gbé e, ó tẹ̀ ẹ́, ó wò ó tó ti dúdú, ó sì gbé e kalẹ̀ padà. Kò tún sí ohun tó lè kọ fún ẹnikẹ́ni mọ́, yálà òótọ́ tàbí irọ́.

Ìyá wo wàláà tó ti kú náà. Ó wo Àwẹ̀ró. Ó dìde, ó tún fìlà Akíni ṣe bí ìgbà tí èèyàn bá ń tún fìlà ṣe fún ọmọ tó ń lọ sílé ìwé.

"Kò dára," ló wí.

"A dúpẹ́ o," ni Akíni fèsì. "Ilé ńkọ́?"

Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti wà lára ògiri yẹn, ó ti mọ ohun tí wọ́n máa ń wí kí wọ́n tó wí i.

"Mo ní kò dára. Panu mọ́, kí o gbọ́," ni Ìyá wí. "Ògiri ẹ̀yìn yàrá mi ń jò. Ó ti ń jò láti oṣù Ẹrẹ́nà, mo fi ẹní bò ó. Láwuyì ọkọ mi ló mọ ọ́n, kì í sì í ṣe pé iṣẹ́ rẹ̀ ò dára. Ó ti gbó ni, bí èmi náà ṣe gbó. Ọmọ kékeré wà nílé kejì. Ẹ wá ṣe ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe."

Akíni dákẹ́ pẹ́ débi pé àwọn méjèèjì rò pé ó ti bàjẹ́. Ó wá sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá."

"Ó mọ 'ẹ pẹ̀lẹ́' sọ ni?" Ó ya Ìyá lẹ́nu. Àwẹ̀ró náà kò mọ̀. Kò sẹ́ni tó fún un láyè àtisọ ọ́ rí nínú ilé yẹn.

Kó tó di agogo mẹ́sàn-án, ọ̀nà ti kún. Àwọn ẹ̀rọ gbé òkúta ńláńlá dé, Ọ̀gá Fátúnmbí fúnra rẹ̀ sì bá wọn wá, wàláà lọ́wọ́, ojú le koko. Ìyá ò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó gba ilé Sùnmọ́nù lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí òun àti ìyàwó rẹ̀ forí ji òun, òun fi ògiri pamọ́ nígbà tí ọmọ wọn ń sùn sí ìdí rẹ̀. Sùnmọ́nù dọ̀bálẹ̀ kó má bàa jẹ́ kí àgbà dúró máa bẹ òun. Nígbà tó dìde, ó fọwọ́ họ orí, ó ní Ìyá, bí ẹ ti ń wò ó yìí, òpó tí mo so okùn mọ́ lánàá, ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán.

Ọ̀rọ̀ wá di ti olúkúlùkù. Obìnrin kan ní ọkọ òun ò lè rìn mọ́ láti oṣù méjì, bí omi bá dé, òun ò mọ bí òun ṣe máa gbé e. Bàbá àgbàlagbà kan ní kànga òun ti ń rùn. Wọ́n tò lẹ́yìn ara wọn níwájú Àwẹ̀ró tí kò ní wàláà mọ́, ìròyìn sì ti kárí àdúgbò kí wọ́n tó tò, nítorí gbogbo wọn pátá, lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ ni wọ́n ń gbà wá. Ọ̀gá ní àkọsílẹ̀ ti pa dé láti agogo mẹ́jọ. Ó wo gígùn ìlà náà, ó wo àsíá lókè, ó ní ó dáa, ó tún ti ṣí. Ó jókòó ti Àwẹ̀ró lórí ìjókòó kan náà. Àwẹ̀ró ń gbọ́, Ọ̀gá ń kọ, àtàǹpàkò ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí di ọ̀sán.

Ìyá ò kó ẹrù púpọ̀. Ó ní kí wọ́n yọ táìlì funfun kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu erùpẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sínú ìkòkò aró kékeré kan, ó fi ẹní tó wà lára ògiri wé e, ó sì gbé e mọ́ra. Ó fi ọwọ́ gbá odi pẹ́pẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, bí Láwuyì ṣe máa ń ṣe. Ó wá jáde, kò bojú wẹ̀yìn.

Òjò náà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí àsíá sọ, láfẹ̀mọ́jú. Gbogbo Ìta Aláró ló wà lókè, nínú gbọ̀ngàn ńlá tí ìlú kọ́ sórí òkúta, àwọn olówó òkè náà sì sún àyè fún wọn. Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Láti ojú fèrèsé, wọ́n rí ọ̀sà tó ga bọ̀, tó ń kan odi, tó ń wá ibi tó máa gbà. Ó rí ihò tí wọ́n lu fún un. Ó wọ ilé Ìyá Adéṣínà, ó gun ilẹ̀kùn, ó gun fèrèsé, ó dé abẹ́ òrùlé, ó sì dúró síbẹ̀. Odi tuntun iwájú ilé dúró. Odi Láwuyì tó kù, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, dúró. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, omi ń fà. Sùnmọ́nù gbé ọmọ rẹ̀ sí èjìká, ó ń ka òrùlé sókè, ó ka méjìléláàádọ́ta, ó sì tún wọn kà láti ìbẹ̀rẹ̀ nítorí inú rẹ̀ dùn.

Àwọn èèyàn ń wá kí Ìyá. Wọ́n ní Bàbá Adéṣínà ṣe bẹbẹ, wọ́n ní ó ṣì ń ṣọ́ wọn níbẹ̀ títí di òní. Ìyá ń dá wọn lóhùn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ìkòkò náà wà lórí itan rẹ̀. Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, Àwẹ̀ró gbé àga, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì yí àga náà títí etí ọ̀tún rẹ̀ fi kọjú sí Ìyá.

"Ìyá mi," ló wí, "ṣé dáadáa ni?"

Ìyá ya ẹnu. Àwẹ̀ró rí a dúpẹ́ lórí ahọ́n rẹ̀. Ìyá pa ẹnu dé, ó gbé e mì, ó sì fẹ̀gbẹ́ kan tì í títí ẹnu rẹ̀ fi kan etí tó gbọ́ràn.

"Ó dùn mí," ló wí. "Ó dùn mí gan-an ni, ọmọ mi."

Àwẹ̀ró ò ní kó ṣọkàn gírí, kò ní kó yé sunkún. Ó dì í mú bí ó ṣe di okùn rẹ̀ mú lọ́jọ́ kìíní, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, kò sì tú ọwọ́ sílẹ̀.